Gold Star, RG500 àbí RC30: èwo nínú alùpùpù eré-ìje àtijọ́ ló ṣe é gùn nígboro Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù eré-ìje àtijọ́ kó sì máa gùn ún nígboro Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe bó ṣe ń sáré tó. Gbogbo wọn ló ń sáré. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé: kí ni àwọn tó ṣe é kò fi sí i lára torí pé pápá eré ni wọ́n ṣe é fún, ta ló sì máa bá wa fi í sí i? Alùpùpù tó ń lọ gba ife-ẹ̀yẹ kì í dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Kò nílò jíà kìíní tó lè rọra fà. Kò nílò ẹ́ńjìnnì tó lè máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí èèyàn bá dúró. Eruku ọyẹ́ kò sì dé ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àwa tá à ń gba Tákìé, àárín ìgboro wa níbí, kọjá lọ́sàn-án gangan, tá a tún fẹ́ já sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tàbí ọ̀nà Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo rẹ̀ la nílò.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó máa ka èyí ló ní àbúrò tàbí ọmọ ní London, ní Houston tàbí ní Jámánì, tó máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí kan o, ẹ jẹ́ ká rà á kó tó bọ́." Ẹ má tíì fowó ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń dárúkọ jù kalẹ̀, ká fi ọ̀kan wé èkejì.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá

BSA Gold Star, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ BSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àgbà láàárín wọn. Lọ́dún 1937, Wal Handley gun BSA kan ní pápá Brooklands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi yí pápá náà po pẹ̀lú eré tó ju 100 máìlì ní wákàtí kan lọ, ìyẹn nǹkan bí 160 kìlómítà. Àmì-ẹ̀yẹ ìràwọ̀ wúrà ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni BSA ti mú orúkọ tó sọ alùpùpù náà. Èyí tí wọ́n ń wá jù lónìí ni DBD34, tó jáde ní 1956, tí wọ́n sì ṣíwọ́ Gold Star ní 1963. Písítìnì kan ṣoṣo, 499 cc, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, agbára rẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹṣin 40, ó sì lè sún mọ́ 180 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti 1949 títí dé 1956, Gold Star 350 ló ń gba ipò kìíní nínú eré Junior Clubman's ní erékùṣù Isle of Man, lọ́dọọdún. Alùpùpù tí aráàlú lè rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi sá eré yẹn, nítorí náà Gold Star kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí títì.

Suzuki RG500 Gamma ni èkejì. Barry Sheene fi RG500 ti pápá gba ife àgbáyé eré alùpùpù 500 cc ní 1976 àti 1977, Marco Lucchinelli gbà á ní 1981, Franco Uncini ní 1982. Lọ́dún 1985 ni Suzuki wá ṣe irú rẹ̀ fún títì, ó sì parí ní 1987. Písítìnì mẹ́rin ló ní, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, 498 cc, tú-sitiróòkù tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. Agbára ẹṣin 95 lórí alùpùpù tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 154 kílò péré kí wọ́n tó rọ epo àti omi sí i. Ẹ fojú inú wo ìyẹn dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni Honda VFR750R, tí gbogbo ayé mọ̀ sí RC30, tó jáde ní 1987. Eré World Superbike bẹ̀rẹ̀ ní 1988, òfin rẹ̀ sì ni pé irú alùpùpù tí wọ́n ń tà fún aráàlú ni kí wọ́n fi díje. Honda bá ṣe alùpùpù eré-ìje gidi, ó so iná àti nọ́ńbà mọ́ ọn, ó gbé e síta. Fred Merkel fi gba ife World Superbike ní 1988 àti 1989. Lọ́dún 1989 kan náà, Steve Hislop gùn ún ní Isle of Man, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó fi eré tó ju 120 máìlì ní wákàtí kan yí erékùṣù náà po. Ẹ́ńjìnnì V4 ni (písítìnì mẹ́rin tó tò bíi lẹ́tà V), 748 cc, titanium ni ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì, jíà ni wọ́n fi ń yí káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, dípò ṣéènì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ọwọ́ ara RC30 ni mo gbà pé ó dára jù. Ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé òun ni kẹ́ ẹ rà.

Tákìé ló máa dá ẹjọ́ náà

Jíà kìíní RC30 ga débi pé ó lè sún mọ́ 130 kìlómítà ní wákàtí kan kẹ́ ẹ tó yí i sí èkejì. Nígboro, ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ẹ ò ní í kúrò ní kìíní láti Tákìé títí dé ẹnu ọ̀nà LAUTECH, kílọ́ọ̀ṣì lẹ ó sì máa fi ti alùpùpù náà lọ. Kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fà sílẹ̀ ní ààbọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń gbóná, ó máa ń jẹ ara rẹ̀, ti RC30 sì wọ́n. Ó tún ní rédíétọ̀ méjì tó ń retí afẹ́fẹ́ láti iwájú. Tí ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Marúwá àti ọkọ̀ Ìlọrin bá há mọ́ ara wọn, afẹ́fẹ́ yẹn kò sí. Fáànù rẹ̀ á máa sáré, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á máa gòkè, ẹ̀yin náà á sì dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, gbogbo ìwúwo ara wá dúró lórí ọrùn ọwọ́. Ẹni ọdún márùn-dín-láàádọ́ta sókè, ẹ ro ti ẹ̀yìn yín.

Àrùn kan náà ló ń ṣe Gold Star, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní oògùn. DBD34 tí wọ́n ṣe fún eré máa ń ní jíà tí wọ́n ń pè ní RRT2: kìíní rẹ̀ lè bá èèyàn dé itòsí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, kílọ́ọ̀ṣì sì ni wọ́n fi ń mú un kúrò lójú kan. Kábúrétọ̀ rẹ̀, Amal GP, kò ní ihò tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà tí èèyàn bá jọ̀wọ́ tọ́rọ́tù pátápátá. Kẹ́ ẹ sáà ti dúró ní ìkóríta, ó ti kú nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ fún un lépo díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń gun Gold Star nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: wọ́n tú GP kúrò, wọ́n fi Amal Concentric sí i, wọ́n yọ RRT2, wọ́n fi jíà tó wà fún títì rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe méjèèjì tán, alùpùpù náà á dúró jẹ́jẹ́ níbi tẹ́ ẹ bá dá a dúró sí, á sì gbéra láìjà. Ẹ bá mi tọ́jú GP àti RRT2 yẹn sínú àpótí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á ní àlòkù irin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta alùpùpù náà lọ́la, owó ńlá ni wọ́n.

Ti RG500 yàtọ̀. Jíà rẹ̀ kò burú fún ìgboro. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò lágbára kankan nísàlẹ̀, ó dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí tó ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó jí, nígbà tó bá sì jí, ó jí pátápátá. Ẹni tó ń rọra lọ nínú èrò ń fi ọ́ìlì kún pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" rí mọ bí pílọ́ọ̀gì tó tutù ṣe máa ń rí: ó dúdú, ó ń dán, ẹ fà á títí ẹ ò rí iná. Ti jẹnẹrétọ̀ yẹn jẹ́ ọ̀kan. Ti RG500 jẹ́ mẹ́rin, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni méjì nínú wọn wà, kò sì ní sítátà alátẹ̀: ẹsẹ̀ nìkan lẹ ó fi máa jí i. Epo tó ń mu náà, kí n má sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ iye epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn mọ́.

Eruku ọyẹ́

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ta RG500 lókè òkun kì í sọ, torí kò kàn wọ́n. Nínú ẹ́ńjìnnì fọ́-sitiróòkù, afẹ́fẹ́ gba orí písítìnì wọlé, ó gba ibẹ̀ jáde. Nínú tú-sitiróòkù, ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà, níbi tí kíráǹkì àti bẹ́árìn wà, kó tó gòkè. Eruku tó bá yọ́ wọlé, àárín bẹ́árìn ló máa kọ́kọ́ bá. RG500 tún ní àwo pẹlẹbẹ tó ń yí kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, tó ń tì í. Àwo yẹn àti ojú tó ń yí lé, eruku ọyẹ́ kan ti tó láti fín wọn. Ẹ lọ wo ojú ewé igi lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì, kẹ́ ẹ rí bó ṣe pupa. Ohun tẹ́ńjìnnì yín ń mí sínú nìyẹn. Ẹni tó bá ra RG500 gbọ́dọ̀ máa fọ àsẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, kó fi ọ́ìlì àsẹ́ kùn ún, kó sì rí i pé kò síbi tó ṣí sílẹ̀ láàárín àsẹ́ àti kábúrétọ̀.

Amal GP orí Gold Star burú ju èyí lọ, torí ẹnu fèrè gbalasa ni, kò ní àsẹ́ rárá. Ìdí kejì rèé tí mo fi ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Concentric gba àsẹ́. RC30 kò ní ìṣòro lápá ibí. Àsẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ táńkì, ó sì dára.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti iná iwájú

Ọ̀rọ̀ yìí lè pa èèyàn, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí jíà Gold Star, ẹsẹ̀ òsì ni bíréèkì ẹ̀yìn. Bajaj, Suzuki, gbogbo èyí tá a fi kọ́ alùpùpù nílẹ̀ yìí, òdìkejì ni. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ bá já lu títì ní Ọjà Jagun, ẹsẹ̀ kì í dúró ronú, ohun tó ti mọ̀ ló máa ṣe: ẹ ó tẹ jíà, ẹ ó rò pé bíréèkì lẹ tẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde sígboro, ẹ mú un lọ sí pápá ilé-ìwé tó ṣófo, kẹ́ ẹ máa dúró lójijì, lójijì, títí ẹsẹ̀ á fi gbọ́. RC30 àti RG500 kò ní ìyọnu yìí.

Ti iná kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan ni wọ́n ti rà á. Apá òsì títì ni wọ́n ń rìn níbẹ̀, nítorí náà iná tó rẹlẹ̀ máa ń yà sápá òsì. Ní Nàìjíríà, a ti kúrò lápá òsì láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Tẹ́ ẹ bá gun irú rẹ̀ lálẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin bó ṣe wà, ojú awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ ni iná yín ń lọ tààrà. Ẹ pààrọ̀ gíláàsì iná náà sí èyí tó yà sọ́tùn-ún. Ti Gold Star, fólítì mẹ́fà ni iná rẹ̀, kò sì mọ́lẹ̀. Gílóòbù LED fólítì mẹ́fà wà, ẹ ní kí wọ́n fi kún ẹrù.

Ta ló máa tún un ṣe?

Àwọn mẹkáníìkì wa kì í ṣe aláìmọ̀kan. Àgbà inú wọn ti fi ọdún gbọọrọ tú Suzuki A100 àti AX100, wọ́n mọ tú-sitiróòkù bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ọmọ wọn. Bí RG500 bá dé iwájú wọn, ìlànà rẹ̀ kò ní í ṣàjèjì. Ohun tó ṣàjèjì ni pé kíráǹkì méjì ni, pé kábúrétọ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ ṣí pa pọ̀, àti pé bí bẹ́árìn kíráǹkì bá jẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń tú u, tí wọ́n sì fi ń tò ó kó gún régé. Òòlù kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ọ̀pọ̀ sípéà rẹ̀ ni Suzuki kò ṣe mọ́, ọwọ́ àwọn tó ń kó o jọ ló kù sí.

RC30, Honda ti padà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe díẹ̀ nínú sípéà rẹ̀, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fáìbà ni, ó sì sún mọ́lẹ̀. Bọ́ǹpù tí aráàdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn nìkan ti tó láti la ìsàlẹ̀ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ náà, ìnṣì 18 tó fẹ̀, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù táyà kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Méjì ni kẹ́ ẹ rà pa pọ̀ láti òkè òkun.

Gold Star ló rọrùn jù láti gbà là. Àwọn tó ń ṣe sípéà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti nílẹ̀ Yúróòpù: písítìnì, fáàfù, gásíkẹ́ẹ̀tì, jíà, gbogbo rẹ̀ lẹ lè rà ní tuntun. Oníléètì tó mọṣẹ́ ní Sábó lè gé búṣì fún un. Ohun mẹ́ta pére ni kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún mẹkáníìkì. Èkínní, sípánà 10, 12, 14 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá nọ́ọ̀tì BSA mu. Á jọ pé ó wọlé, á yí lẹ́ẹ̀kan, á sì fá igun nọ́ọ̀tì náà di róbótó. Sípánà Whitworth, ìwọ̀n àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kẹ́ ẹ rà fún un, ní odidi páálí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Èkejì, tó bá ti pẹ́ tí alùpùpù náà ti wà lójú kan, ọ́ìlì inú táńkì rẹ̀ máa ń rọra jò lọ sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá wo táńkì, tó rí i pé ó gbẹ, tó wá rọ òmíràn kún un, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ tú ti ìsàlẹ̀ jáde ná. Ẹ̀kẹta ni máginẹ́ẹ̀tì Lucas rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún pílọ́ọ̀gì. Kò nílò bátìrì kó tó ṣaná, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kondẹ́ńsà inú rẹ̀ máa ń kú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí. Láàárọ̀ kùtù, ìkíìkì kan, ó ti jí. Tó bá gbóná tán, tẹ́ ẹ pa á láti ra omi, ẹ lè kíìkì títí òógùn á fi bò yín. Oòrùn tiwa kò ní í ṣàánú irú máginẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, nítorí náà òkè òkun ni kí wọ́n ti tún un wé, kí wọ́n tó dì í sínú àpótí.

Ayédèrú

Gold Star ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù, torí BSA tún ṣe B31 àti B33 tó jọ ọ́, táwọn kan sì ń fi wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì DBD34 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DBD34GS, ti férémù pẹ̀lú CB32. Ẹ tún ní kí àbúrò yín tẹ̀ ba sílẹ̀, kó wo páìpù ìsàlẹ̀ férémù lápá ọ̀tún: ti Gold Star ní ibi kan tó tẹ̀ wọnú kó lè yẹ̀ fún pọ́ǹpù ọ́ìlì. Bí páìpù yẹn bá gún tẹ̀ẹ́, ẹ má bá wọn dúnàá-dúrà mọ́.

Àwọn kan máa bèèrè Ducati 750 Super Sport ti 1974, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí Paul Smart fi Ducati gba ipò kìíní ní pápá Imola nílẹ̀ Ítálì ní oṣù kẹrin ọdún 1972. Ó lẹ́wà, mi ò jiyàn. 401 péré ni wọ́n ṣe, iye tí wọ́n ń tà á lónìí sì ju owó ilé lọ, ilé tó dúró dáadáa. Kò yẹ kó wá jẹ eruku níbí.

Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ rà

Bí owó bá wà, Gold Star ni, èyí tí wọ́n ti bá pààrọ̀ kábúrétọ̀ àti jíà rẹ̀. Òun nìkan ló lè gba Tákìé kọjá lọ́sàn-án, kó tún gba orí afárá Odò Ọbà lọ sí Ọ̀yọ́, kó sì padà lálẹ́ láìsí pé ẹ pe ọkọ̀ tó máa gbé e wálé. RC30 yẹ ẹni tó ń gbé lẹ́bàá títì tó já gaara, tí kì í wọ ìgboro, tó sì lè rán mẹkáníìkì wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó. RG500, mi ò ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ṣe alùpùpù kan ṣoṣo tó ní.

Tí owó Gold Star bá ga jù, ẹ wo Yamaha RD350 ti 1973 sí 1975. Tú-sitiróòkù ni, 347 cc, písítìnì méjì, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti TZ350, Yamaha ti pápá, tí Jarno Saarinen fi gba ipò kìíní ní pápá Daytona nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1973. Mo ti sọ ohun tí eruku ń ṣe fún tú-sitiróòkù, ó kan òun náà. Ṣùgbọ́n kíráǹkì rẹ̀ ọ̀kan, kábúrétọ̀ rẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ òsì lẹ fi ń yí jíà, sípéà rẹ̀ pọ̀, mẹkáníìkì tó mọ Suzuki tàbí Yamaha kékeré lè gbọ́ èdè rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Èyí yòówù kó jẹ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi agẹ́ǹtì tó ń bá yín gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè bóyá ọdún tí wọ́n ṣe é kò ní í dá a dúró ní èbúté, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò méjì ránṣẹ́. Nínú èkínní, kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ká rí i pé ó tutù, kó wá jí i. Nínú èkejì, kó ti gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú, kó pa á, kó jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún jí i lójú kámẹ́rà láìgé fídíò náà. Bó bá kọ èkejì, ẹ wá òmíràn.